Ẹ Bọ́ Ìrẹsì, Ẹ Má Fi Ebi Pa Ilẹ̀

Ní oko ìrẹsì, kò sí ohun tó ń tètè dáni lóhùn bíi fatiláísà. Bí àgbẹ̀ bá fọ́n yúríà sí akùrọ̀ lónìí, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ewé tó ti ń pọ́n á ti dúdú minimini, ọmọ á sì ti máa yọ nídìí rẹ̀. Láti Eggua dé Ọjà-Ọdàn, láti Ayétòrò dé etí ààlà Ìmẹ̀kọ, ní ilẹ̀ Yewa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹni tó bá ń gbin ìrẹsì mọ èyí dájú. Ohun tí wọ́n ń ráhùn lé lórí yàtọ̀ sí ìyẹn. Wọ́n ní àpò tó ń tó wọn tẹ́lẹ̀ kò tó mọ́, wọ́n ní àpò ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ìkórè kò bá a pọ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ ti ṣá.

Ó yẹ kí a fara balẹ̀ yẹ ẹjọ́ yìí wò, nítorí ohun méjì ló wé mọ́ra níbẹ̀. Ohun tí fatiláísà ń ṣe fún ìrẹsì láàárín oṣù mẹ́rin, gbogbo ojú ló ń rí i. Ohun tó ń ṣe fún ilẹ̀ láàárín ogún ọdún, ojú kì í tètè tó o, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni yóò sọ bóyá ọmọ wa á rí ìrẹsì kórè lórí ilẹ̀ tí a ń gbìn lónìí.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣì pọ̀ ju ọwọ́ tó ń ro ó lọ, bí a bá gbin oko fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, a ó fi í sílẹ̀ kó di igbó. Ewé Akíntọ́lá á bò ó, igi kéékèèké á hù, ewé á máa já bọ́, á máa jẹrà, títí ọ̀rá ilẹ̀ á fi padà bọ̀ sípò. Ìsinmi yẹn ti kúrú gan-an báyìí. Èèyàn ti pọ̀, ilé ìṣẹ́ ti gba ilẹ̀, owó ìrẹsì náà sì ń múni kánjú. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìrẹsì òkèèrè tó ń gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò wọlé di ọ̀wọ́n, ojú ọjà sì yí sí ìrẹsì tiwa-n-tiwa. Irúgbìn ìsinsìnyí náà tún ń yá: FARO 44 kì í ju bí oṣù mẹ́rin lọ kó tó gbó. Níbi tí omi bá wà, ẹni tó bá fẹ́ lè gbìn ín lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún sórí ilẹ̀ kan náà. Fatiláísà la wá fi rọ́pò ìsinmi. Ṣé ó lè rọ́pò rẹ̀?

Ẹni tó bá ti dá àjọ rí á tètè mọ bí ilẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Oúnjẹ tí ìrẹsì ń jẹ ni owó. Ọ̀rá ilẹ̀ ni alájọ, ìyẹn ewé, gbòǹgbò, ìgbẹ́ ẹran àti òkú ekòló tó ti jẹrà mọ́ erùpẹ̀. Òun ló ń gba owó, òun ló ń tọ́jú rẹ̀, òun náà ló sì ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ìrẹsì. Ìkórè kọ̀ọ̀kan jẹ́ owó tí a gbà jáde. Bí a bá ka ọkà àti pòròpórò rẹ̀ pọ̀, tọ́ọ̀nù kan ìrẹsì tí a kò tíì bó ń kó nǹkan bíi kílò 15 sí 20 náítírójìn kúrò nínú ilẹ̀. Pòtásíọ̀mù tó ń kó kò jìnnà sí iye yẹn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sì tó kílò méjì sí mẹ́ta. Àgbẹ̀ tó bá kórè tọ́ọ̀nù mẹ́ta lórí hẹ́kítà kan ti gba nǹkan bíi kílò 50 náítírójìn jáde nínú àjọ.

Kí ló wá dá padà? Nínú àpò NPK 20-10-10 oníkílò 50, kílò 10 péré ni náítírójìn. Nínú àpò yúríà, kílò 23 ni. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló sì ń dé ẹnu ìrẹsì. Nínú oko ìrẹsì olómi, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta náítírójìn tí a fọ́n, tàbí kó lé díẹ̀, ni irúgbìn ń rí lò lọ́pọ̀ ìgbà. Oòrùn á sọ òmíràn di afẹ́fẹ́ tó ń ta ni nímú, àgbàrá á gbé òmíràn lọ, òmíràn á sì jò lọ sísàlẹ̀ níbi tí gbòǹgbò kò dé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé kódà nínú oko tí wọ́n fún ní fatiláísà dáadáa, èyí tó pọ̀ jù nínú náítírójìn tí ìrẹsì jẹ, ọwọ́ alájọ ló ti gbà á. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ wa lágbègbè yìí jẹ́ ilẹ̀ yanrìn, amọ̀ inú rẹ̀ kò sì lágbára láti di oúnjẹ mú. Ọ̀rá ilẹ̀ ló ń bá a ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí alájọ bá kú, kò sí ẹni tí yóò gba owó tí a ń kó wá pa mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi ìpakà. Lẹ́yìn ìkórè, wọ́n á tẹ́ tapólì sí igun oko, wọ́n á gbé dúrọ́ọ̀mù lé e, wọ́n á máa fi ìdì ìrẹsì na ara dúrọ́ọ̀mù náà títí ọkà á fi gbọ̀n dànù tán. Pòròpórò á máa gorí ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á di òkìtì. Bó bá gbẹ, wọ́n á ṣáná sí i. Lọ́dún kejì, ẹ padà lọ wo ojú ibi tí òkìtì náà ti jó. Ìrẹsì tó bá wà níbẹ̀ á dúdú, á sanra, á ga ju ti àyíká rẹ̀ lọ, débi pé ẹni tó dúró lójú ọ̀nà á mọ ibi tí wọ́n ti pakà lésìí. Ohun tó yẹ kó kárí gbogbo oko ló kó jọ sójú kan yẹn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Nínú gbogbo pòtásíọ̀mù tí ìrẹsì bá fà sára, nǹkan bí ìdá 80 sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà nínú pòròpórò, ọkà kò gbà ju ìyókù lọ. Tọ́ọ̀nù kan pòròpórò ní nǹkan bíi kílò 12 sí 17 pòtásíọ̀mù. Oko tó so tọ́ọ̀nù mẹ́ta ọkà ń fi nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta pòròpórò sílẹ̀, ìyẹn kílò 36 pòtásíọ̀mù ó kéré tán. Àpò NPK 20-10-10 kan kò ní ju nǹkan bíi kílò mẹ́rin lọ. Nǹkan bí àpò mẹ́sàn-án ni yóò dí àyè ohun tí a kó jọ sí igun oko tí a ṣáná sí. Náítírójìn inú rẹ̀ kò tilẹ̀ dúró sínú eérú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ló ń bá èéfín lọ.

Èyí tí ojú lè rí láàárín ọdún méjì nìyẹn. Láti mọ ohun tí ogójì tàbí ọgọ́ta ọdún ń ṣe gba sùúrù tó ju ti ẹnì kan lọ. Ó ní láti jẹ́ pé bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ bá fẹ̀yìn tì, ẹlòmíràn á gba ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, á sì máa bá iṣẹ́ lọ lórí ilẹ̀ kan náà. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ tó pẹ́ jù lágbàáyé wà ní Rothamsted, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. John Lawes, tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe fatiláísà tà, àti Henry Gilbert ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1843. Lórí pápá kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Hoosfield, wọ́n ń kó ìgbẹ́ ẹran sí ojú ilẹ̀ kan lọ́dọọdún láti 1852 títí di 1871, wọ́n sì dáwọ́ dúró pátápátá. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá, tí wọ́n yẹ erùpẹ̀ ibẹ̀ wò, ọ̀rá rẹ̀ ṣì ju ti ojú ilẹ̀ tí kò rí ìgbẹ́ ẹran rí lọ dáadáa. Òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ kí nǹkan pẹ́ kó tó jẹrà, ooru tiwa kì í jẹ́ kó pẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ohun tí a bá fi sílẹ̀ kò lè dúró fún wa tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìyẹn ló fi yẹ kí tiwa máa wọlé lemọ́lemọ́.

Ní ti ìrẹsì, ibi tí a ti lè kọ́ ẹ̀kọ́ jù ni Los Baños ní orílẹ̀-èdè Philippines, níbi tí wọ́n dá IRRI, ilé ìwádìí ìrẹsì àgbáyé, sílẹ̀ sí ní 1960. Ní 1962, wọ́n ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ pé kí ìrẹsì má kúrò lórí rẹ̀ mọ́. Láti 1968, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni wọ́n ń gbìn ín, tí wọ́n sì ń kórè rẹ̀. Apá kan kì í rí náítírójìn kankan, àwọn apá yòókù ń rí tiwọn ní ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Irúgbìn tó dára jù tó bá jáde ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀. Ìkórè tó ti wá láti orí ilẹ̀ yẹn ti lé ní 150, kò sì sí àgbẹ̀ kan láyé tó lè rí irú rẹ̀ lójú ara rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìrẹsì ń so gan-an. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í relẹ̀. Nígbà tó fi di 1991, kódà níbi tí wọ́n ń fi náítírójìn sí jù, ìkórè ti fi ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí ti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbin ìrẹsì á ní ọ̀rá ilẹ̀ ló ti tán. Wọ́n wọn ọ̀rá náà, kò dín. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Omi kì í gbẹ lórí ilẹ̀ náà láti ọdún dé ọdún. Ohun tó bá ń jẹrà nínú ẹrọ̀fọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò dé máa ń di náítírójìn mọ́ra pinpin, kì í sì í tètè yọ ọ́ sílẹ̀. Alájọ ṣì wà láàyè, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ẹ̀ṣẹ́ mọ́ ọn. Ní àwọn ọdún díẹ̀ tó tẹ̀ lé 1991, wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ láàárín ìkórè kan àti ìgbìn tó kàn, kí afẹ́fẹ́ wọnú rẹ̀, wọ́n sì pín náítírójìn sí àkókò tí ìrẹsì nílò rẹ̀ gan-an. Ìkórè gòkè padà. Ìsinmi tí àwọn baba wa ń fún ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ilẹ̀ fi gbẹ ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà nínú pápá náà tí kò yẹ ká gbójú fò. Apá tí kò rí náítírójìn kò kú. Ìkórè rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó dúró síbẹ̀ láti ẹ̀wádún kan dé òmíràn. Àwọn nǹkan aláwọ̀ ewé wínníwínní tó máa ń bo ojú omi ìrẹsì ló ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ wá sínú ẹrọ̀fọ̀. Akùrọ̀ lágbára púpọ̀, ó ń bọ́ ara rẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Ilẹ̀ òkè kò ní oore yẹn.

Ní Cuttack, ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń lọ lórí ìrẹsì láti 1969. Ibi tí wọ́n ti ń pa ìgbẹ́ ẹran pọ̀ mọ́ NPK ló ta yọ, ní ti ìkórè àti ní ti ọ̀rá ilẹ̀. Nílé níbí, ní Samaru lẹ́bàá Zaria, wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1950, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Wọn kò gbin ìrẹsì níbẹ̀, àwọn irúgbìn ilẹ̀ òkè ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ yanrìn bíi tiwa ni. Níbi tó jẹ́ fatiláísà nìkan ni wọ́n ń fọ́n lọ́dọọdún, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan, ìkórè sì ń bá a lọ sílẹ̀. Ìgbẹ́ màlúù tí wọ́n fi kún un níbòmíràn ló gbé ilẹ̀ ró.

Mo rò pé ẹ ti rí ibi tí gbogbo ẹ̀rí yìí forí lé. Fatiláísà kì í ṣe májèlé. Ìrẹsì tó jẹ NPK yó ń ta gbòǹgbò púpọ̀, pòròpórò rẹ̀ sì ń pọ̀, àwọn wọ̀nyí sì lè di ọ̀rá ilẹ̀ bí a bá jẹ́ kí wọ́n padà síbẹ̀. Ohun tó ń ṣá ilẹ̀ ni kí á máa fi ẹyọ oúnjẹ kan bọ́ ọ, kí á máa kó pòròpórò kúrò lórí rẹ̀, kí á má sì fún un láyè láti mí. Bí ìkórè bá dín, tí a kàn fi àpò kún àpò, a ń fi owó tọ́jú ohun tí owó nìkan kò lè wò.

Ilẹ̀ òkè ní àyíká Ayétòrò gba ìṣọ́ra jù. Yúríà àti àwọn fatiláísà bíi tirẹ̀ ń mú ilẹ̀ kan, ilẹ̀ òkè kò sì ní omi adúró tí yóò rọ ọ́ lójú bó ṣe ń rí nínú akùrọ̀. Oògùn ilẹ̀ kíkan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Ibese àti Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì, tó tún lọ jáde ní Onígbólò lódìkejì ààlà ní orílẹ̀-èdè Benin, bí a bá lọ̀ ọ́ kúnná, òun ni wọ́n ń dà sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé. Kí á kọ́kọ́ yẹ erùpẹ̀ wò, kí á lè mọ ìwọ̀n tí yóò gbà, ni kò gbọ́dọ̀ yẹ̀.

Àrùn tí akùrọ̀ ń bá jà yàtọ̀. Níbi tí omi bá pọ́n, tí nǹkan dídán bí òróró ń léfòó lójú rẹ̀, irin ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀. Ewé ìrẹsì á bẹ̀rẹ̀ sí í ní àmì pupa rúsúrúsú láti ṣóńṣó, àgbẹ̀ á rò pé ebi ló ń pa á, á sì tún fọ́n yúríà sí i. Fífa omi dànù fúngbà díẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́, pẹ̀lú irúgbìn tó lè fara dà á bíi FARO 52. Ìrẹsì tí pòtásíọ̀mù kò tó tètè ń kú sí àrùn yìí, ọ̀rọ̀ pòròpórò tí a ń sun sì tún padà wá.

Ohun tí a lè ṣe kò kọjá agbára wa. Kí pòròpórò padà sínú oko, kí á tú u ká, kí á kọ ọ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀, kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí á tó gbìn. Ìpínlẹ̀ Ògùn kún fún ọgbà adìyẹ: tọ́ọ̀nù kan ìgbẹ́ adìyẹ tó ti gbẹ lè ní nǹkan bíi kílò 20 sí 30 náítírójìn, ó sì ń bá alájọ wá sínú ilẹ̀. Kí á pín yúríà sí méjì ó kéré tán, kí èyí tó kẹ́yìn bọ́ sí ìgbà tí ìrẹsì bá ń múra láti lóyún. Kí á má fọ́n ọn sórí omi lọ́sàn-án gangan. Ẹni tó bá lè rì í sínú ẹrọ̀fọ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10 á rí i pé ìwọ̀nba díẹ̀ á ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Lẹ́yìn ìkórè, kí á jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ, kí á fi ọ̀rinrin tó kù gbin ẹ̀wà, nítorí gbòǹgbò ẹ̀wà ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣe gbogbo èyí lórí ilẹ̀ tó háyà fún ọdún kan? Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbin ìrẹsì kọ́ ló ni ilẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ òun lẹ́yìn ìkórè kò ní kó ìgbẹ́ adìyẹ sórí rẹ̀ fún ẹlòmíràn, yúríà tó ń dáni lóhùn ní ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò rà. Àwọn ẹbí tó ni ilẹ̀ ní láti mọ̀ pé fífi ilẹ̀ háyà fún ọdún kan ṣoṣo ń gé ọ̀rá ilẹ̀ wọn jẹ. Bí wọ́n bá fún ẹni tó háyà oko ní ọdún márùn-ún, kí àdéhùn sì sọ pé pòròpórò kò gbọ́dọ̀ jó, ilẹ̀ tiwọn ni yóò jèrè. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ìjọba náà ní tirẹ̀. Láti ìgbà tí ètò fatiláísà ààrẹ ti bẹ̀rẹ̀ ní òpin 2016, tí wọ́n ń ta àpò 20-10-10 ní 5,500 náírà lọ́dún 2017, iye àpò ni a fi ń díwọ̀n àṣeyọrí. Ilẹ̀ gan-an ló yẹ kí á máa díwọ̀n. Yewa ní ohun tí a lè fi ṣe é. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà ní Ayétòrò gan-an, Eggua kò sì jìnnà síbẹ̀. Kí wọ́n ya ilẹ̀ ìrẹsì kan sọ́tọ̀ lókè àti òmíràn ní akùrọ̀: apá kan láìní nǹkan kan, apá kan pẹ̀lú fatiláísà nìkan, apá kan pẹ̀lú pòròpórò àti ìgbẹ́ adìyẹ, apá kan pẹ̀lú gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n fi òfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ́lé sí i.

Àgbẹ̀ kò ní láti dúró dè wọ́n. Lásìkò òjò tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù fi okùn wọn mítà márùn-ún lọ́nà méjèèjì ní àárín oko rẹ̀, kó má fọ́n fatiláísà síbẹ̀, kó kórè rẹ̀ lọ́tọ̀, kó wọ̀n ọ́n, kó sì kọ iye rẹ̀ àti ọdún rẹ̀ sínú ìwé. Iye yẹn ni ohun tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lè san. Bó bá dúró tàbí tó ń gòkè láti ọdún dé ọdún, iṣẹ́ wa tọ́. Bó bá ń relẹ̀ bí àpò wa ti ń pọ̀ sí i, a ó ti mọ̀ nígbà tí ọwọ́ ṣì lè tún un ṣe.